Yí Ewé Náà Padà, Jẹ́ Kí N Rí Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú oṣù January, òtútù London sì mú débi pé gíláàsì fèrèsé ń làágùn. Mo pe Màmá mi lórí fídíò WhatsApp, mo ń gbé fóònù yí yàrá ká kí wọ́n lè rí àga tuntun tí mo rà. Wọn ò tiẹ̀ wo àga. Wọ́n ní, "Dúró ná. Kí ló ń ṣe ewé eéran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ewé eéran o. Calathea ni wọ́n ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni irú ẹ̀ ti wá."

"Ewé eéran ni. Wo ọrùn ẹ̀."

Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Níbi tí ọ̀pá ewé ti pàdé ewé gan-an, oríkèé kékeré kan wà níbẹ̀. Ó wú díẹ̀, ó le ju ọ̀pá tó kù lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀, àfi bí oríkèé ọmọ ìka. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bomi rin òdòdó yìí, n kò kíyè sí i. Màmá mi tó wà ní Oǹdó rí i nínú fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là.

Mo wádìí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ewé eéran wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatococcus daniellii, àti Calathea inú ilé mi, ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹbí Marantaceae. Gbòdògì náà wà nínú ẹbí yìí. Oríkèé yẹn sì ni àmì tí gbogbo wọn jọ ní: òun ni Calathea àti ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Maranta fi ń gbé ewé wọn dìde lálẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí wọ́n á tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ náà ni patanmọ́ fi ń pa ewé rẹ̀ dé tí a bá fọwọ́ kàn án. (Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ Calathea kúrò lábẹ́ orúkọ yẹn, wọ́n sọ wọ́n di Goeppertia. Àwọn tó ń tà á ò tíì yí ohùn padà, èmi náà á ṣì máa pè é ní Calathea.)

Iṣẹ́ ewé ni Màmá mi fi tọ́ wa. Wọ́n á wọ abẹ́ igi kòkó lọ ní kùtùkùtù, wọ́n á gé ewé, wọ́n á ṣà á, wọ́n á kà á, wọ́n á dì í, ó di ọjà. Àwọn ẹlẹ́kọ, àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín, àwọn oníresì Ọ̀fàdà, ọwọ́ wọn ni wọ́n ti ń rà á. Ẹni tó bá fi ogún ọdún ya ewé tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, tó mọ̀ pé oníbàárà á dá èyí tó ti ya padà, ojú tó fi ń wo ewé ti kúrò ní tèmi. Ohun tí mo kọ́ lára ojú yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti pa òdòdó méjì kí n tó kọ́ ọ, ó sì dùn mí.

Ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ rèé. Etí ewé Calathea mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó di àwọ̀ búráùn, ó ń lọ sí àárín díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló fún mi ní èsì kan ṣoṣo: afẹ́fẹ́ ilé rẹ ti gbẹ jù, òdòdó yìí fẹ́ ọ̀rinrin. Mo gbà. Èsì náà bọ́gbọ́n mu. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó òjò ni àwọn ewé wọ̀nyí ti wá, níbi tí oòrùn kì í ti í rí ilẹ̀ dáadáa tí omi sì máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó wù wọ́n kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ jẹ́ 60 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ka 31.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí 31 yẹn díẹ̀, nítorí ó yà mí lẹ́nu. Òjò London kì í dá, báwo ni inú ilé ṣe wá gbẹ tó bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gba omi púpọ̀ mọ́ra. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 0°C, bí ọ̀rinrin rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ 90 nínú 100, omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá wọlé, tí hítà gbé e dé 21°C, omi yẹn náà ló ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti fẹ̀ sí i, ọ̀rinrin á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 22. Èémí wa, ìdáná àti aṣọ tí a sá sínú ilé ló ń gbé e dé 30 tàbí 40. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọyẹ́ ni ẹ fi ẹ̀rọ dá sínú ilé yín nìyẹn." N kò rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbógun ti ọyẹ́ náà. Mo to òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo, mo bu omi sí i, mo gbé ìkòkò lé e. Mo ń fi ike fín omi sí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ra ẹ̀rọ tó ń tú ìkùukùu omi jáde. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ìkùukùu yẹn nìkan ló mú kí nọ́ńbà gbéra, ó sì gbé e dé 55. Omi abẹ́ òkúta kò ṣe nǹkan kan tí mo lè fojú rí. Omi tí mo ń fín kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó gbẹ, bátànì funfun ló sì ń fi sílẹ̀ lójú ewé. Èmi kì í fín omi sí ewé mọ́, n kì í sì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fín in. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú 55 tí mo gbé afẹ́fẹ́ dé, ewé ń bàjẹ́ sí i. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú tí mo ń wí yìí.

Màmá mi ò mẹ́nu ba ọ̀rinrin rárá. Wọ́n ní, "Yí ewé náà padà, jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn ẹ̀." Mo yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe kòkòrò. Èwo ló kọ́kọ́ bàjẹ́, àgbà ni àbí ọmọ?" Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni, àwọn àgbà. "Fọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbẹ, àbí ó rọ̀?" Etí rẹ̀ gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibi tó gbẹ, ewé ti di pupa rúsúrúsú, ó sì rọ̀, kò lágbára. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ewé tí ọyẹ́ bá mú kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tútù rẹ̀ ló máa ń wà títí tí etí rẹ̀ á fi ká sókè tí á gbẹ, gbogbo ewé tó bá sì wà lójú atẹ́gùn ló máa ń mú, kì í ṣa àgbà sọ́tọ̀. "Ilẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mo tiẹ̀ fẹ́ bomi rin ín.

"Gbé ìkòkò náà."

Mo gbé e. Ó wúwo bí ẹni pé mo gbé òkúta.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn lọ́jà. Wọn kì í tú ìdì ewé kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ti ń gbẹ. Wọ́n á kàn gbé e lọ́wọ́, ọwọ́ á sọ fún wọn. Ìkòkò tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó sì wúwo, omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yọ ìkòkò ike inú kúrò nínú èyí tó lẹ́wà tí mo fi bò ó, mo sì rí i: omi dúdú tó ga tó ìka méjì ló wà nísàlẹ̀, ìdí òdòdó mi sì ti ń mu nínú rẹ̀ látìgbà tí mo ti rà á. Hítà ló ń gbẹ ojú ilẹ̀, èmi ń wo ojú ilẹ̀, mo ń da omi sí i. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn gọ́tà. Mo fa gbòǹgbò kan díẹ̀, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó yọ̀ bí ẹja àrọ̀, ó sì ku okùn tín-ín-rín kan nínú. Gbòǹgbò tó yè máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìpara, ó sì máa ń le. Èyí tó yè lára tèmi kò tó ìdá mẹ́ta.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, mo sì bẹ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Omi tí gbòǹgbò bá fà ni ewé ń rí lò. Ojú ihò tó kéré gan-an lára ewé ni omi ń gbà jáde sínú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò á sì tún fà sí i. Ṣóńṣó ewé àti etí rẹ̀ ló jìnnà jù sí ibi tí omi ti ń wá, àwọn ni ebi omi máa ń kọ́kọ́ pa. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, omi ń jáde ju bó ṣe ń wọlé lọ, etí ewé á gbẹ. Tí ẹ bá gbàgbé láti bomi rin ín, kò sí ohun tí gbòǹgbò máa fà, etí ewé á gbẹ. Tí gbòǹgbò bá sì ti jẹrà nítorí omi tó pọ̀ jù, kò lè fa nǹkan kan, etí ewé á gbẹ. Òùngbẹ ń pa òdòdó mi nínú omi. Ojú àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, ìtọ́jú wọn sì takora, nítorí ohun tó máa wo ọ̀kan sàn ló máa pa èkejì. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dùn mí tí ẹnìkan bá fi àwòrán ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́, tí ẹgbàágbèje èèyàn sì ń dá a lóhùn pé "ọ̀rinrin" láì bi í nípa ìkòkò.

Mo gé gbogbo gbòǹgbò tó ti jẹrà. Mo gbìn ín sínú ìkòkò tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, nínú ilẹ̀ tí mo po èèpo igi àti òkúta fífúyẹ́ funfun tí wọ́n ń pè ní perlite mọ́, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀. Ewé mẹ́rin kú, mẹ́ta ló kù. N kò da omi sí i mọ́ àfi tí mo bá gbé ìkòkò tó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ewé tuntun tó yọ orí jáde, ó ká rogodo bí ẹní tí wọ́n ká.

Ẹ̀yìn ewé tí Màmá mi kọ́kọ́ béèrè pọndandan, ó sì di mímọ̀ fún mi nínú oṣù March lára Maranta tí mo gbé sókè hítà. Lójú ewé, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà: àmì pínpín, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, ó ń dà bí eruku. Mo fi aṣọ nù ún, eruku ò lọ. Mo yí i padà. Lẹ́bàá ọ̀pá àárín ewé, okùn tín-ín-rín bí ti aláǹtakùn ta kọjá, àwọn ohun kékeré sì ń rìn lórí rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Spider mite ni. Ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, omi ara ewé ló ń fa mu. Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló fẹ́ràn. Tí ilé bá móoru dáadáa, ọ̀sẹ̀ kan péré tó kí ẹyin di àgbà. Ibi tí ọ̀rinrin ti kan ọ̀rọ̀ gan-an nìyí, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Tí ojú yín kò bá ríran tó, ẹ mú tákàdá funfun, ẹ gbọn ewé sórí rẹ̀. Tí ohun tó já bọ́ bá ń rìn, ẹ ti mọ ẹni tó ń bá yín gbé. Mo gbé Maranta náà sábẹ́ omi ní bálùwẹ̀, mo fọ ẹ̀yìn ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi omi ọṣẹ nù ún, mo sì ń tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fún oṣù kan, nítorí ọṣẹ kì í pa ẹyin wọn tán.

Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní thrips tún wà, òun gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ìlà bíi fàdákà sílẹ̀ lójú ewé pẹ̀lú ìdọ̀tí dúdú tótòtótò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n: yí ewé padà.

Àwọ̀ tó ń pọ́n náà lọ́rọ̀ tirẹ̀, ìbéèrè "àgbà àbí ọmọ" ló sì máa ń là á. Àwọn oúnjẹ kan wà tí òdòdó lè gbà lọ́wọ́ ewé àgbà kó gbé e fún ewé tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nitrogen wà lára wọn, magnesium náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá wọ́n, àgbà ló máa ń pọ́n, nítorí àgbà ló ń yọ̀ǹda. Ti iron kì í ṣí nídìí tó bá ti jókòó, ewé tuntun ló ń jìyà rẹ̀: á máa pọ́n, iṣan rẹ̀ á sì dúró ní àwọ̀ tútù. Ewé àgbà kan tó bá pọ́n nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má bá a jà. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ewé tuntun tí mo sọ pé ó ká bí ẹní, nígbà tó tú, ihò mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n dọ́gba, àlàfo àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọkàn mi dàrú. Mo rò pé àrùn tuntun tún dé. Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Nǹkan ti gún un nígbà tó ṣì ká ni." Wọ́n mú ewé eéran kan nílẹ̀, wọ́n ká a wò lójú fídíò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n tú u: ihò mẹ́rin, lórí ìlà kan. Ní ìdí kòkó, wọ́n máa ń rí irú ewé bẹ́ẹ̀ dáadáa, kòkòrò á ti jẹ ẹ́ kó tó là. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá tí mo fi dúró tì í ló gún un. Kò sí ohun tó yẹ kí n wò sàn.

Ìṣòro kan ṣì kù. Gbòǹgbò ti dára, kòkòrò ti lọ, ọ̀rinrin wà ní 55, síbẹ̀ ṣóńṣó ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìlà búráùn tín-ín-rín kan ló ń tẹ̀ lé etí rẹ̀, ó dúró gedegbe, kò pọ́n kò rọ̀. Màmá mi béèrè ohun tí n kò retí: "Ṣé ọṣẹ máa ń hó nínú omi yín?"

Kì í hó dáadáa. Ẹni tó bá ti fi omi kànga kan fọṣọ rí, tí ọṣẹ ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò hó, mọ omi tí mo ń sọ. Àárín ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi London ti ń wá, ẹ kàn wo inú kẹ́tù wa kí ẹ rí ẹfun tó dì mọ́ ọn. Ewé ń tú omi jáde, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi kì í fò lọ. Ṣóńṣó ewé ló ń kó jọ sí, tó bá sì pọ̀ á jó o. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ ó rí èérún funfun lójú ilẹ̀ ìkòkò. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Birmingham, ó ní ọ̀rọ̀ mi kò kan òun, torí láti òkè Wales ni omi tàwọn ti ń wá, ó rọ̀, ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣóńṣó ewé tirẹ̀ náà ń jó. Láti 1964 ni wọ́n ti ń fi fluoride sí omi Birmingham nítorí eyín, ẹbí Calathea sì wà lára àwọn òdòdó tí fluoride máa ń jó ní ṣóńṣó. Bí a bá gbé omi kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, chlorine lè lọ, ṣùgbọ́n ẹfun àti fluoride kò ní lọ. Omi òjò ni mo ń gbé garawa sí báyìí ní bákónì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nílé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mo máa ń da púpọ̀ sí i kó ṣàn jáde nísàlẹ̀ ìkòkò, kó ko iyọ̀ tó ti jókòó lọ.

Ibi tó ti di búráùn kò ní tútù mọ́ láéláé. Ẹ lè fi àlùmọ́gàjí gé e, kí ẹ ṣẹ́ ìlà búráùn tín-ín-rín kan kù kí ẹ má baà dá ọgbẹ́ tuntun sí ibi tó yè. Ewé tó ń bọ̀ ni mo máa ń wò kí n tó mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe ti bọ́ sí i.

Òmíràn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkarùn-ún látìgbà náà. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ó ti tú dé ìdajì, ìkán omi kan sì rọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Oǹdó. Kò pẹ́ tí ohùn Màmá mi fi wọlé: "Ó dáa. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?" Mo yí i padà, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí osùn, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ojú ilẹ̀ ti gbẹ. Mo gbé ìkòkò náà, ó ṣì wúwo, mo gbé e padà sílẹ̀.